Nọ́ńbà Àná Lórí Wáyà Òní

Ìfẹ́ ló kan fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìfẹ́ kan náà yìí ló sì jó bọ́ọ̀dù. Àmọ́ ẹ má tíì bínú sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ná.

Tún-un-Wò ni gbogbo wọn ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi wá orúkọ yẹn fúnra ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ti ti ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ tún un wò." Bẹ́ ẹ bá bá a bu ṣúgà sí tíì, á ní, "Ṣé ẹ rò ó dáadáa? Ẹ tún un wò." Iṣẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ya sákíìtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná máa gbà nínú ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà gidi. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń yà á. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wáyà, àmì kéékèèké ni àwọn nǹkan tó kù. Tó bá yà á tán, á tẹ bọ́tìnnì kan, kọ̀ǹpútà á wá rán iná àfijọ gba inú àwòrán náà kọjá, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń fi iyanrìn se oúnjẹ. Kò sí iná gidi níbẹ̀, àmọ́ ìṣirò ẹ̀ péye. Nọ́ńbà á yọ sára ìlà kọ̀ọ̀kan: bí iná tó ń gba ibí ṣe pọ̀ tó rèé, bí ti ọ̀hún ṣe pọ̀ tó rèé. Ibi tí wàhálà bá wà, ó máa rí i kó tó di èéfín. Bí ẹ̀rọ bá jó lórí kọ̀ǹpútà, ta ló máa sunkún?

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àwọn nọ́ńbà yẹn kì í yí padà fúnra wọn. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ nǹkan kan nínú àwòrán, nọ́ńbà ìgbà tẹ́ ẹ dán an wò kẹ́yìn ló ṣì máa wà níbẹ̀, á jókòó pẹ̀sẹ̀ bí àlejò tí wọ́n ti kó àwo kúrò níwájú ẹ̀ tí kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kóun máa lọ. Àfi kẹ́ ẹ tún bọ́tìnnì yẹn tẹ̀. Tún-un-Wò mọ̀ ọ́n. Òun ló fi ń kọ́ àwọn tó kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tá à ń wí yìí, iṣẹ́ Màmá Olóròmọdìẹ ló wà níwájú ẹ̀. Obìnrin yìí ń ta òròmọdìẹ, ẹ̀rọ tó máa bá adìẹ sàba lé ẹyin ló ní kí wọ́n ṣe fóun, torí ó ní àwọn adìẹ òun ti ya ọ̀lẹ. Tún-un-Wò ti ya bọ́ọ̀dù ẹ̀ tán, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wáyà máa wà lórí ẹ̀, ó ti dán an wò, gbogbo nọ́ńbà ló dáa. Ni Màmá bá tún pè lórí fóònù. Ó ní fáànù tó ń fẹ́ ooru káàkiri inú ẹ̀rọ náà, òun fẹ́ kó lágbára sí i.

"Kó fẹ́ dáadáa o! Kó má máa mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn."

Tún-un-Wò rẹ́rìn-ín, ó yọ rẹsítọ̀ kan kúrò nínú àwòrán, ìyẹn nǹkan tó máa ń dí iná lọ́nà kó má baà sáré jù, ó fi èyí tó kéré sí i rọ́pò ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ti ń lọ síbi bọ́tìnnì.

Kó, kó, kó, lára fèrèsé.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń jó léèdì nínú yàrá kejì ni. Tún-un-Wò á yà á, òun á tò ó, á fi irin gbígbóná yọ́ léèdì, á fi so gbogbo ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Nǹkan tí kò tó orí èèrà, á gbé e síbi tó yẹ kó wà láìmí. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n lorúkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì tọ́ sí i. Ìfẹ́ òun àti Tún-un-Wò kì í ṣe tuntun mọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Bàbá nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, bàbá tó lè gbọ́ rédíò tó ń ṣàìsàn láti òpópónà kejì.

"Ìyáàfin Tún-un-Wò," Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ń pariwo látòde, "ṣé odò yẹn la ṣì ń lọ, àbí kí n lọ bu omi ẹ̀ wá bá yín níbí?"

"Ìṣẹ́jú kan!"

"Ìṣẹ́jú kan tó o wí lẹ́ẹ̀kan ti bímọ. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti ń lọ síléèwé."

Ẹ̀rín pa á. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó wo nọ́ńbà ara wáyà fáànù. Ó kéré, ó dáa, bó ṣe wà láàárọ̀ náà ló wà. Ó ní, *áà, kò tiẹ̀ yí padà púpọ̀*. Ó fi àwòrán ránṣẹ́, ó gbé báàgì, ó di ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bọ́tìnnì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.

Létí odò lọ́jọ́ yẹn, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ju òkúta sómi títí òkúta fi fẹ́ tán nílẹ̀, kó tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ wá bá Bàbá."

"Nípa owó oṣù?"

"Nípa ẹ."

Tún-un-Wò mú òkúta kan, ó jù ú. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò jù ú dé omi.

---

Nígbà tí ẹ̀rọ náà ti lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé Màmá Olóròmọdìẹ, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wá bá Bàbá lóòótọ́. Wọ́n ń pe bàbá yìí ní Bàbá Onírédíò, torí rédíò títún ṣe ló fi dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, "Mo ti gbọ́. Jẹ́ n rò ó." Ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé ó ti fẹ́ẹ̀ gbà tán nìyẹn. Kò tíì rò ó tán tí Màmá Olóròmọdìẹ fi wọlé tòun ti apẹ̀rẹ̀.

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà ka orí tábìlì Bàbá. Ẹyin ni, ó kún.

"Ẹ fọwọ́ kàn án," ó ní.

Bàbá fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí ojú irin.

"Gbogbo ẹ̀ ti kú. Mo jí láàárọ̀, mo rí i pé fáànù ti dákẹ́, òórùn ń jáde lára ẹ̀rọ yín. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pa. Mo ti ń gbọ́ wọn nínú èèpo, wọ́n ń sọ kọ́-kọ́." Ó gbé ẹyin kan sí etí. "Mo ti ń kí wọn."

Bàbá tú ẹ̀rọ, ó yọ bọ́ọ̀dù, ó gbé e sí imú. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ibi tí wáyà fáànù ti pàdé bọ́ọ̀dù ti dúdú bí ìdí ìkòkò, léèdì ibẹ̀ sì ti yọ́ ṣẹ́.

"Léèdì yìí ò mú," Bàbá ní. "Ọwọ́ ta ni?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọwọ́ tó ni ín. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n jáde láti yàrá kejì. Ó gba bọ́ọ̀dù, ó wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Èmi náà mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ni. Lánàá lo wá bá mi pé o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Ẹni tí ò lè so wáyà méjì pọ̀ ló fẹ́ so ìdílé méjì pọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́ létí Bàbá fúnra ẹ̀, ó sì tún un sọ. Màmá Olóròmọdìẹ mi orí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí gbogbo ibi tó ń ta òròmọdìẹ.

Tún-un-Wò sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ gba ọkùnrin ẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun máa wá nǹkan tó jó o, pé kò lè jẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ó ṣí àwòrán. Nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀, kékeré, pẹ̀lẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Nọ́ńbà fò. Ó fò kọjá ibi tí bọ́ọ̀dù lè gbà, kọ̀ǹpútà sì kun wáyà fáànù ní pupa fòò.

Ó jókòó síbẹ̀. Nínú yàrá kejì, ó ń gbọ́ ohùn Bàbá: "Mo fọkàn tán ọ!" Ó ń gbọ́ ohùn Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n: "Ẹ má bínú, sà." Gbogbo nǹkan tó yẹ kó ṣe ò ju kó dìde, kó rin ìgbésẹ̀ díẹ̀, kó la ẹnu. Kò dìde. Ó rántí bí Bàbá ṣe máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé, "Ọmọ mi ló yà á, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Ó rántí pé Bàbá ti ní òun fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́. Ó ní, *lọ́la. Tí ara Bàbá bá ti rọ̀.*

Ó pa àwòrán náà dé.

Ẹ wò ó, lọ́la yẹn kì í dá wá. Ó máa ń mú ọ̀tunla àti gbogbo ẹbí ẹ̀ dání.

---

Bàbá ò lé Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n kúrò níṣẹ́. Òun ló lé ara ẹ̀. Ó gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe lódì-kejì títì. Tún-un-Wò dọ́gbọ́n lọ kí i. Ó bá a níbi tó ti ń mu tíì, kọ́ọ̀pù ń lu àwo: kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọwọ́ ẹ?"

Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀ kíá, ó fi ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. "Òtútù ni."

"Oòrùn ń ràn, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣó o mọ nǹkan tó ń jẹ mí lọ́kàn? Mo rántí ọjọ́ tí mo jó bọ́ọ̀dù yẹn. Mo rántí pé ó mú. Mo wò ó, ó ń dán. Tí mo bá lè rí nǹkan tó dáa bẹ́ẹ̀ yẹn kó sì jẹ́ irọ́, kí ni mo tún wá mọ̀? Ní báyìí, tí mo bá gbé irin, ọwọ́ á kọ́kọ́ bi mí léèrè pé, *ṣó dá ẹ lójú?*"

"Ó mú," Tún-un-Wò sọ. "Ó ṣeé ṣe kó mú."

"O kàn fẹ́ tù mí nínú ni. O ṣeun."

Tún-un-Wò la ẹnu, ó là á tán. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè ẹ̀. Ni oníbàárà kan bá fi fóònù tó fọ́ sáàárín wọn, ó ní ọmọ òun ló jókòó lé e. Tún-un-Wò kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tó ń sọdá títì, ó ń bínú sí oníbàárà yẹn, ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọkàn. Èyí tó ń dúpẹ́ yẹn ló bà á nínú jẹ́ jù.

Kí ni ẹlẹ́bi máa ń ṣe tí kò bá fẹ́ sọ òótọ́? Á máa ṣoore. Tún-un-Wò gba ọ̀dọ̀ Àǹtí Télọ̀ lọ.

Àbúrò Bàbá ni Àǹtí Télọ̀, obìnrin tó máa ń fi píìnì sẹ́nu ránṣọ tí kò sì dákẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó tu píìnì sọ́wọ́.

"Wá, jẹ́ n bi ẹ́. Ọmọkùnrin yìí, ṣé lóòótọ́ ló ba iṣẹ́ yẹn jẹ́?"

"Àǹtí, ẹ̀rọ máa ń ní wàhálà tiẹ̀."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ẹ̀rọ. Èèyàn ni mo béèrè."

"Ẹ ṣáà bá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀, Àǹtí mi."

Àǹtí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wọn aṣọ fún un. Kò bi í mọ́. Ó wọ bàtà, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún ọmọ yìí lọ́kọ."

"Kó lọ wá ọkọ tí ọwọ́ ẹ̀ dáa."

"Ẹ̀yin náà jó rédíò bàbá wa nígbà kan. Ṣé a kọ̀ yín lọ́mọ?"

"Mo jẹ́wọ́! Mo lọ bá bàbá wa, mo ní, 'Èmi ni.' Ẹni tó bá lè kúnlẹ̀ síwájú mi kó ní, 'Èmi ni,' láìwá àwáwí, mo lè fún un lọ́mọ. Àṣìṣe kọ́ ló ń bí mi nínú. Mi ò kàn fẹ́ ẹni tó máa sọ pé ọwọ́ òun ni, kó sì sá sọdá títì."

Àǹtí pàtẹ́wọ́. Ó fi fóònù pe Tún-un-Wò lójú ẹsẹ̀, ó ń pariwo bíi pé kò sí fóònù láàárín wọn. "Ó ti bùṣe! Kó ṣáà wá gbà pé òun ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan péré!"

Nídìí fóònù lọ́hùn-ún, Tún-un-Wò ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

---

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n pé jọ sí pálọ̀ Bàbá. Àǹtí ti ran aṣọ tuntun fún ara ẹ̀. Bísíkíìtì wà nínú àwo, tíì wà nínú kọ́ọ̀pù, Bàbá wà nínú àga ẹ̀. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ funfun nini, ó sì kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ní kó jókòó.

"Bàbá, mi ò ní àwáwí kankan. Ọwọ́ mi ló jẹ̀bi. Mo ba orúkọ yín jẹ́ lójú oníbàárà, mo pa ẹyin obìnrin kan tó ti ń kí wọn. Kò sí ọjọ́ tí kì í wá sí mi lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jẹ Tún-un-Wò níyà."

Bàbá sún gíláàsì ojú ẹ̀ sókè, èyí tó fi ń wo nǹkan tó kéré. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọkùnrin náà nílẹ̀.

"Ó tó. Ó ti tó. Ọmọ mi ni ẹ́ láti òní. Mo fún ẹ."

Àǹtí fò sókè, bísíkíìtì fò tẹ̀lé e. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ta ló ní mi ò mọ iṣẹ́ alárinà?"

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wá jókòó ti Tún-un-Wò. Ojú ẹ̀ ń dán. Ó rọra sọ fún un pé, "Ó tán. A ti là á já." Àmọ́ ọwọ́ tó gbé lé orúnkún ń gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, bí ewé tí atẹ́gùn kékeré ń kàn, ó sì ti fi ọwọ́ kejì bò ó kẹ́nikẹ́ni má rí i.

Tún-un-Wò rí i.

Nǹkan tó ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí rèé, wọ́n gbé e fún un nínú àwo. Ọkọ wà níbẹ̀, bàbá ń rẹ́rìn-ín, ṣọ́ọ̀bù wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Á kàn máa wo ọwọ́ yẹn tó ń gbọ̀n nídìí tíì, láràárọ̀, títí ayé, òun á sì máa bi í pé, "Ṣé òtútù ni?"

Ó dìde.

"Tún-un-Wò, níbo?" Àǹtí ní. "Jókòó, a fẹ́ dá ọjọ́."

"Ẹ má tíì dá a."

Ó gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá, ó ti bísíkíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Bàbá. Ó ṣí àwòrán náà bó ṣe wà lọ́jọ́ tó fi ránṣẹ́. Ìka ẹ̀ ń tọ́ka sí wáyà fáànù.

"Bàbá, ẹ wo nọ́ńbà yìí."

Bàbá tẹ̀ síwájú. "Ó kéré. Ó dáa. Kí ló dé?"

"Òun ni mo wò lọ́jọ́ yẹn. Mo ti pààrọ̀ rẹsítọ̀ kí n tó wò ó. Mi ò tún un dán wò."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà fò, wáyà pọ́n.

Bàbá ò béèrè ìtumọ̀. Ẹni tó ti ń gbóòórùn iná láti kékeré, ó rí i kíá. Gíláàsì ojú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí imú.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Àǹtí ń wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló pọ́n? Ṣé nǹkan burúkú ni kó pọ́n?"

"Àṣìṣe mi ni, Àǹtí," Tún-un-Wò sọ. "Iná tí mo rán síbẹ̀ pọ̀ ju nǹkan tí bọ́ọ̀dù kankan lè gbà. Kò sí léèdì tó máa mú níbẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan."

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ò wo kọ̀ǹpútà. Tún-un-Wò ló ń wò.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ìbéèrè tó ń bẹ̀rù ju gbogbo ẹ̀ lọ nìyẹn. Ó lè ní àná ni. Ó lè ní àárọ̀ yìí ni.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹyin wá."

"Ọjọ́ yẹn gan-an."

"Ọjọ́ yẹn gan-an."

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n mi orí, díẹ̀díẹ̀. "O rí mi nígbà tí kọ́ọ̀pù ń lu àwo lọ́wọ́ mi. O ní, 'Kí ló ń ṣe ọwọ́ ẹ?'" Ó dìde. "Báyìí náà, mo kúnlẹ̀. O jókòó síbẹ̀, o jẹ́ kí n kúnlẹ̀."

"Mo fẹ́ sọ..."

"Mo mọ̀. Mo ti kúnlẹ̀ tán." Ó yíjú sí Bàbá, ó tẹrí ba. "Bàbá, ẹ ṣeun fún tíì. Àǹtí, aṣọ yín dáa." Ó jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ká ní ó gbá a ni, ì bá sàn fún Tún-un-Wò.

---

Bàbá ò bá ọmọ ẹ̀ jà. Ìyẹn gan-an ló le. Ó kàn gbé bọ́ọ̀dù jíjó yẹn jáde láti inú dúrọ́ọ̀, ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ ẹ̀, ó sì ń wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun. Lọ́jọ́ kan, ó la ẹnu.

"Mo rí dúdú, mo ní ọwọ́ ni. Mi ò wo ibòmíì. Èmi tí mo bí Tún-un-Wò, èmi náà ò tún un wò." Ó ju síbí sílẹ̀. "Bá mi lọ aṣọ mi."

Bàbá Onírédíò, tó kọ̀ láti fún ọmọkùnrin yìí lọ́mọ, ló wá di alárinà. Ó wọ aṣọ lílọ̀, ó sọdá títì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù. Àǹtí tó tẹ̀lé e ròyìn ẹ̀ títí ẹnu fi fẹ́ bó o. Ó ní obìnrin kan gbé fóònù fún Bàbá pé kó bá òun wò ó, Bàbá sì tún un ṣe kó tó rántí nǹkan tó bá wá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n pé, "Ọmọ mi ṣẹ̀ ọ́, èmi náà ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ ni mo wá tọrọ báyìí. Jọ̀ọ́, rò ó."

"Kí ló wí?" Tún-un-Wò bi Àǹtí.

"Ó gbé Bàbá nílẹ̀, torí bàbá ẹ fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún ẹ̀ ti ń dún. Ó ní, 'Bàbá, mi ò bínú sí yín. Kó wá fúnra ẹ̀. Àmọ́ kó kọ́kọ́ lọ bá obìnrin tó ni ẹyin.'"

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀nà ilé Màmá Olóròmọdìẹ ṣe gùn lọ́jọ́ yẹn. Tún-un-Wò bá a níbi tó ti ń fún òròmọdìẹ lómi, ó sì dúró lẹ́nu géètì, ó sọ gbogbo ẹ̀ láìmí.

Màmá gbé korobá kalẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tó o sọ fún mi pé kí n tún nọ́ńbà fóònù mi kà kó o tó kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Mo mà ti ba orúkọ ọmọkùnrin yẹn jẹ́ káàkiri! Èmi náà ti jẹ gbèsè ẹ̀bẹ̀ báyìí, ìwọ lo sì kó mi sí i." Ó nawọ́ korobá sí i. "Di èyí mú. Bó o ṣe ń bẹ̀ mí, máa fún wọn lómi."

Tún-un-Wò fún wọn lómi. Màmá wò ó títí, ó jáwọ́.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Ẹyin yẹn ṣì ń dùn mí. Àmọ́ mo fẹ́ ẹ̀rọ míì, ìwọ ni kó o yà á, torí mo mọ̀ pé o ò ní sùn tó o bá ń yà á. Ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn ni mo sì fẹ́ kó jó o. Tí kì í bá ṣe ọwọ́ ẹ̀, mi ò gbà á."

---

Bí Tún-un-Wò ṣe dé iwájú tábìlì ọkùnrin ẹ̀ nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù fóònù, kọ̀ǹpútà lábẹ́ apá kan, bọ́ọ̀dù tuntun lọ́wọ́ kejì. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ò ní kó jókòó. Kò ní kó má jókòó.

"Mo ti lọ bá Màmá," ó ní. "Mo sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó o gbàgbé. Èmi náà ò lè gbàgbé."

"Kí lo wá gbé wá?"

Ó ṣí àwòrán náà níwájú ẹ̀. Nọ́ńbà kún ara ìlà. "Mo ti dán an wò. Àmọ́ má gbà mí gbọ́. Tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ."

Ó wò ó. Ó na ìka, ó tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n jọ dúró, wọ́n jọ ń wo wáyà fáànù bí ẹni tó ń wo ẹnu dókítà. Nọ́ńbà ò kúrò níbi tó wà. Ó tún un tẹ̀. Kò kúrò.

"Ó dáa," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, láìwo ojú ẹ̀, "Jẹ́ n bi ẹ́. Ìwọ tí o máa ń ní kí n tún ṣúgà wò, kí ló dé tí o ò tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn? Kí ló ń lé ẹ?"

Kó, kó, kó. Tún-un-Wò gbọ́ ọ lọ́kàn ẹ̀ bíi pé ìsinsìnyí ni. Ìdáhùn wà lẹ́nu ẹ̀, òótọ́ sì ni. Á pín ẹ̀bi náà sí méjì, á fún un ní tiẹ̀ gbé lọ sílé. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà lórí tábìlì.

"Kò sẹ́ni tó lé mi," ó ní. "Èmi ni mo kánjú. Èmi nìkan."

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n gbé irin gbígbóná. Irin náà gbọ̀n. Tún-un-Wò ò gbójú kúrò, kò sì bi í bóyá òtútù ni. Léèdì àkọ́kọ́ yọ́ wọ́gọwọ̀gọ, ó fà á kúrò, ó tún un ṣe. Èkejì dáa díẹ̀. Nígbà tó máa dé ibi wáyà fáànù, ó ti dá èémí dúró bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ahọ́n ẹ̀ ti yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè. Ọwọ́ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tààrà, kò yà. Léèdì dán.

Ó gbé bọ́ọ̀dù náà sókè, ó wò ó nínú oòrùn, ó gbé e fún un.

"Sọ fún Bàbá kí wọ́n mú ọjọ́."

Tún-un-Wò gbá bọ́ọ̀dù mọ́ àyà.

"Tí wọ́n bá mú un," ọkùnrin náà ní, ó sì ti ń nawọ́ sí fóònù oníbàárà tó kàn, "kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá. Èmi ni mo máa tún un wò."